Mount Vernon, ilé George Washington: báwo lẹ ṣe ń ṣètò rẹ̀ bí àgbàlagbà àti ọmọdé bá wà nínú yín?

Àdùkẹ́_PG

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àwọn òbí wa ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Bàbá, tó fi ẹ̀kọ́ ìtàn ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ti sọ pé ilé George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, ní Virginia lòun fẹ́ kọ́kọ́ rí, pé White House lè dúró. Prince George's County ní Maryland la wà, ọkọ̀ ara wa la ó gbé lọ. Ẹni ọdún 74 ni Bàbá, ara rẹ̀ sì le. Orúnkún ló ń yọ Màmá lẹ́nu, kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn rárá. Ọmọ méjì á tẹ̀ lé wa, ọ̀kan ọdún 11, ọ̀kan ọdún 5.

Mo ka ojú ìwé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kàn tún rú mi lójú ni. Ṣé tí a bá ti sanwó ẹnu ọ̀nà, ó ti parí náà nìyẹn, àbí owó inú ilé tún wà lọ́tọ̀? Ṣé káàdì ọdọọdún tí a fi ń wọ àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ máa gbà wá wọlé? Wákàtí mélòó la nílò, ibo ni Màmá sì lè dé?

Ọ̀kan tó kù ló jẹ mí lógún jù. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ wo àga àti àwo ọlọ́lá lọ, wo ó bọ̀, kí wọ́n má mọ ẹni tó ń fọ àwo náà. Níbo gan-an ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àwọn ẹrú níbẹ̀?

---

Ajíbọ́lá_Alexandria

Ẹ kú ìmúra àlejò o. Ká kọ́kọ́ mú ti káàdì kúrò nílẹ̀: kò ní ṣiṣẹ́, nítorí pé ìjọba kọ́ ló ni ibẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tó ń jẹ́ Mount Vernon Ladies' Association, tí Ann Pamela Cunningham dá sílẹ̀ ní 1853, ló ra ilé náà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí Washington ní 1858. Owó tí wọ́n rà á jẹ́ $200,000. Ọwọ́ wọn ló ṣì wà di òní, wọn kì í sì í gba owó ìjọba àpapọ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ilé.

Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà, wọ́n kàn ń tà á pa pọ̀ ni. Ti ẹnu ọ̀nà kó ọgbà, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, oko, ibojì àti mùsíọ́mù mọ́ra. Ti inú ilé ńlá ní aago tirẹ̀, owó tí wọ́n sì ń fi kún un kò tó nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jìn sí kòtò: wọ́n á ra ti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á rìn dé iwájú ilé, wọ́n á wá gbọ́ pé aago tó ṣófo di ọ̀sán, tàbí pé ti ọjọ́ náà ti tán pátápátá. Ẹ rà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aago inú ilé ni kí ẹ sì kọ́kọ́ mú, kí gbogbo ètò yòókù tẹ̀ lé e. Ẹ má mú aago tó bọ́ sí ìgbà tí ẹ rò pé ẹ ó dé gẹ́lẹ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 sáàárín, ó kéré tán. Ẹ ó wá ibi tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí (ọ̀fẹ́ ni), ọmọ ọdún 5 á fẹ́ tọ̀, ìrìn láti ẹnu ọ̀nà dé ilé sì lè tó ìṣẹ́jú 10 fún ẹsẹ̀ tó yá, ká máa pè é ní 20 fún Màmá.

Ohun kejì tó ń da ọjọ́ rú ni máàpù. Bí ẹ bá tẹ "Mount Vernon" lásán sínú fóònù, ó lè gbé yín lọ sí Mount Vernon Square ní àárín DC, níbi tí ibùdó Metro (ọkọ̀ ojú irin ìlú) kan ti ń jẹ́ orúkọ yẹn. Baltimore náà ní àdúgbò kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ 3200 Mount Vernon Memorial Highway. Láti ọ̀dọ̀ yín, ẹ ó gba orí afárá Woodrow Wilson kọjá sí Alexandria, ẹ ó sì bọ́ sí George Washington Memorial Parkway, ìhà gúúsù. Ọ̀nà yẹn kò lọ síbòmíràn, ẹnu ọ̀nà ilé ló parí sí. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ lè wọ Metro aláwọ̀ yẹ́lò dé Huntington tó jẹ́ ibùdó ìkẹyìn, kó wá wọ bọ́ọ̀sì 101 ti Fairfax Connector. Nígbà ooru, ọkọ̀ ojú omi náà ń gbé èrò láti DC.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí, títí kan ọjọ́ Kérésìmesì. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹfà, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń kún ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ wọlé pẹ̀lú àwọn àkọ́kọ́ láàárọ̀, tàbí kí ẹ mú aago ilé tó ti kọjá agogo méjì ọ̀sán. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba tí wọ́n fi ń rántí ọjọ́ ìbí Washington ní oṣù kejì, wọ́n sábà máa ń ṣílẹ̀kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ní òbí àgbà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀fẹ́ yẹn lọ. Èrò yẹn kì í ṣe kékeré.

Ọ̀rọ̀ Màmá wá kàn. Yàrá ìsàlẹ̀ ṣeé dé, wọ́n ní ọ̀nà tó dagun fún àga onítáyà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò ní ju àtẹ̀gùn lọ, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè. Ẹ bèèrè àga onítáyà tí wọ́n ń yáni ní kété tí ẹ bá wọlé, nítorí kò pọ̀. Bí ẹ bá gun òkè, ẹ fi Màmá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Àwọn àga wà níbẹ̀ tó kọjú sí odò Potomac, ibẹ̀ ló tutù jù lọ nínú gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ sì sọ fún un pé igbó tó ń wò lódìkejì odò jẹ́ ti Maryland, lápá Prince George's County yín níbẹ̀. Ìjọba dá Piscataway Park sílẹ̀ ní 1961 kí ẹnikẹ́ni má bàa kọ́ ilé gogoro síbẹ̀ kí ó ba ohun tí ojú Washington ń rí jẹ́.

Ọ̀nà tó lọ sí etí odò àti oko tó wà nísàlẹ̀ dagun gan-an. Lílọ rọrùn, bíbọ̀ ló le. Kí Màmá má sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀ àfi bí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó èrò lọ sí oko bá ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Wákàtí 4 sí 5 ló máa gbà yín. Inú ilé fúnra rẹ̀ kò lè pẹ́ ju bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lọ.

---

Gbẹ́nàgbẹ́nà_DC

Ìṣẹ́jú 20 tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ni kí ẹ tìtorí rẹ̀ múra sílẹ̀. Wọ́n ń ti èrò síwájú ni, ẹni tí kò bá mọ ohun tó fẹ́ wò á jáde kó tó rí nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ dúró níta, lójú ilé tó kọjú sí pápá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 11 wo fèrèsé apá ọ̀tún àti ti apá òsì. Kò dọ́gba. Ìdí ni pé wọn kò kọ́ ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Augustine, bàbá Washington, ló kọ́ èyí tó wà láàárín ní 1734, ilé kékeré tí òkè rẹ̀ kò ju yàrá abẹ́ òrùlé lọ. Ní nǹkan bí 1758, nígbà tí Washington fúnra rẹ̀ ń múra àtifẹ́ Martha, ìyàwó rẹ̀, ó gbé òrùlé kúrò, ó sì fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún un. Láti 1774, ó fi apá kan kún gúúsù, apá kan kún àríwá. Ogun òmìnira Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kejì, Lund Washington, ìbátan rẹ̀, ló dúró ti iṣẹ́ náà, tí ọ̀gá sì ń kọ lẹ́tà láti ojú ogun pé kí wọ́n ṣe báyìí, kí wọ́n ṣe tọ̀hún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sún mọ́ ara ògiri. Gbogbo ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní òkúta ni. Pákó páìnì ni. Wọ́n á rẹ́ etí pákó náà dagun, wọ́n á la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lóòró kó lè dà bí òkúta tí wọ́n tò, wọ́n á kun ún ní ọ̀dà olóròóró, kí ọ̀dà yẹn tó gbẹ ni wọ́n á ju yanrìn lù ú. Yanrìn náà ló ń mú kí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun bí òkúta. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni omi: bí òjò bá rí ọ̀nà gba oríkèé pákó méjì wọlé, ọ̀dà á kọ́kọ́ wú, á sì ṣí. Tí wọn kò bá tètè kun ún, inú pákó á rà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè bá àwọn òṣìṣẹ́ lórí àkàbà.

Ẹyẹlé tó wà lórí ṣóńṣó òrùlé, tó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ hàn, ẹ̀dà ni. Ojúlówó, tí wọ́n ṣe ní Philadelphia ní 1787, wọ́n ti gbé e pamọ́. Ilé kékeré tó jókòó lé sì ní iṣẹ́: wọ́n ń ṣí fèrèsé rẹ̀ nígbà ooru, ooru inú ilé á gba òkè jáde, afẹ́fẹ́ tútù láti odò á wọlé nísàlẹ̀.

Nínú ilé, ohun mẹ́rin péré ni kí ẹ di mú.

Nínú gbọ̀ngán àárín, kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú àpótí gíláàsì lára ògiri. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀wọ̀n Bastille ti Paris ni, tí àwọn ará ìlú gbà ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1789. Lafayette, ọ̀gágun ará Faransé tó bá Washington jagun, ló fi ránṣẹ́ sí i ní 1790, ọwọ́ Thomas Paine, òǹkọ̀wé, ló sì fi í sí. Bàbá á gbádùn ìyẹn. Àwọn pákó ara ògiri gbọ̀ngán náà tó dà bí igi olówó iyebíye, páìnì ni wọ́n, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ya ìlà igi sí i lára ni. Ilé yìí fẹ́ràn kí nǹkan kan máa ṣe bí ẹni pé òmíràn ni.

Yàrá ìjẹun kékeré ní àwọ̀ ewé tó ń mú ojú ṣẹ́jú. Àwọ̀ bàbà ni. Wọ́n á gbé bàbà sínú ooru ọtí kíkan, á ta ìpẹtà aláwọ̀ ewé, wọ́n á ha á, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ òróró. Ó gbówó lórí nígbà náà, 1785 ni Washington kùn ún. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ní àwọ̀ yìí kò lè jẹ́ ti ayé àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Yàrá ńlá apá àríwá, tí òrùlé rẹ̀ ga dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì, òun ni wọ́n parí kẹ́yìn. Ẹ wo ibi ìdáná mábù tí oníṣòwò ará England kan, Samuel Vaughan, fi ta á lọ́rẹ: màlúù, àgùntàn àti àgbẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sí i. Ẹ gbójú sókè, irinṣẹ́ oko ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ àjà.

Ẹ̀kẹrin ni yàrá ìkàwé apá gúúsù. Àga kan wà níbẹ̀ tó ní abẹ̀bẹ̀ lókè orí, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń tẹ̀ ẹ́ kó tó fẹ́. Ọmọ ọdún 5 á fẹ́ jókòó sí i. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ má sì retí iná títàn. Ìmọ́lẹ̀ ń jẹ aṣọ àti bébà ara ògiri díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì ti jẹ kò ṣeé dá padà. Bí òfin iṣẹ́ ìtọ́jú nǹkan àtijọ́ ṣe rí, aṣọ àti bébà kò gbọdọ̀ gba ju lux 50 lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), èyí tó kéré gan-an sí ti ọ́fíìsì. Ojú yín nílò ìṣẹ́jú kan kó tó mọ́ ọn lára. Ẹ bọ́ gíláàsì oòrùn lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá sí ìpìlẹ̀, igi ilé àti ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀rinrin. Bí iṣẹ́ náà kò bá tíì parí, yàrá tó ṣí lónìí lè tì lọ́la, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Nínú àjà ilẹ̀ ilé náà, ní 2024, wọ́n hú ìgò 35 jáde, 29 nínú wọn kò fọ́, èso ṣẹ́rì tí wọ́n tọ́jú láti ayé Washington ṣì wà nínú wọn.

---

Àdùkẹ́_PG

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ra aago 10:30, a ó dé ní 9:30. Ìbéèrè Bàbá kan rèé, ó ní kí n fi ránṣẹ́: ó ti kà níbì kan pé ẹrú kan wà ní Mount Vernon tó ní ilà lójú, tó sì máa ń ní ọmọ ọba lòun. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ Ọ̀yọ́ ni.

---

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ kí Bàbá fún wa. Mo máa dé orí ọmọ ọba yẹn. Ti àwọn ẹrú lápapọ̀ ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí èrò mi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Gbẹ́nàgbẹ́nà. Bí àkókò bá kúrú, ilé ńlá ni kí ẹ gé kúrú, ẹ má gé àwọn ilé kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́ta sọ́kàn kí ẹ tó rìn. Ní 1799 tí Washington kọ orúkọ àwọn ẹrú sílẹ̀, 317 ni wọ́n lórí oko márùn-ún. 123 ni tirẹ̀. 153 jẹ́ ti dúkìá Custis, ọkọ tí Martha kọ́kọ́ fẹ́ tó ti kú: Martha lè jẹ èrè iṣẹ́ wọn títí yóò fi kú, ṣùgbọ́n òun àti Washington kò ní àṣẹ láti tú wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ni Washington yá lọ́wọ́ aládùúgbò. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó ní kí wọ́n tú àwọn 123 sílẹ̀ lẹ́yìn ikú Martha. William Lee, ìránṣẹ́ tó bá a lọ sójú ogun, nìkan ló tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú $30 lọ́dọọdún. Martha kò dúró di ọjọ́ ikú, ó tú wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní 1801. Àwọn ti Custis ńkọ́? Nígbà tí Martha kú ní 1802, ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́rin pín wọn. Ọkọ lè jẹ́ ti Washington kí ìyàwó jẹ́ ti Custis, ọmọ sì ń tẹ̀ lé ìyá. Òmìnira yẹn já ilé mìíràn sí méjì. Afinimọ̀nà tó bá ní Washington tú ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ tó sì dákẹ́ síbẹ̀, ẹ bi í ní ti àwọn 153.

Ilé ìdáná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó dá dúró lọ́tọ̀ sí ilé ńlá nítorí iná, ooru àti òórùn, ọ̀nà tó ní òpó ló so ó mọ́ ọn. Hercules, ọ̀gá alásè tí Washington mú lọ sí Philadelphia nígbà tó jẹ́ ààrẹ, sá kúrò ní Mount Vernon ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1797, ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ pé ọdún 65. Ona Judge, tó ń tọ́jú Martha, ti sá ṣáájú rẹ̀, láti Philadelphia ní oṣù karùn-ún 1796, ó lọ sí New Hampshire, wọn kò sì rí i mú padà títí tó fi kú ní 1848. Òfin Pennsylvania nígbà náà ni pé ẹrú tó bá gbé níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà léraléra lè gba òmìnira, torí náà ni Washington ṣe máa ń dọ́gbọ́n kó wọn jáde kí oṣù mẹ́fà tó pé. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún 11, á yé e ju àlàyé gígùn lọ.

Láti ibẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹran yíyan àti ilé ìfọṣọ lọ sí ilé gbígbé àwọn ẹrú tó so mọ́ ilé tí wọ́n ń gbin ọsàn sí. Àkíyèsí pàtàkì: bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì mọ́ tónítóní. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Ojúlówó rẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1791 sí 1792 jóná ní 1835, 1951 ni wọ́n tún un kọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ẹrú kò sì gbé nínú bíríkì rárá, oko ni wọ́n wà, nínú ahéré onígi tí wọ́n fi amọ̀ dí àlàfo rẹ̀. Ẹ̀dà irú ahéré bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ́bàá oko, yàrá kan ṣoṣo fún odindi ìdílé. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún àgbà lójúmọ́ tó kúátì ìyẹ̀fun àgbàdo kan, ìyẹn bí ife mẹ́rin, àti ẹja oníyọ̀ bí áúnsì 5 sí 8. Ìyókù, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń sin adìyẹ lálẹ́ àti lọ́jọ́ Àìkú.

Nínú yàrá tí Washington kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 1799, àwọn afinimọ̀nà á sọ ti àwọn dókítà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ̀ láti fi wò ó sàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fà á láàárín ọjọ́ kan. Àwọn ẹrú mẹ́rin wà nínú yàrá náà nígbà tó ń kú: Christopher Sheels, Caroline, Molly àti Charlotte. Christopher ti wà lórí ìdúró púpọ̀ nínú ọjọ́ náà, Washington ló juwọ́ sí i pé kó jókòó.

Nínú mùsíọ́mù, ẹ wá eyín àtọwọ́dá. Kì í ṣe igi bí wọ́n ti ń sọ fún ọmọ ilé ìwé. Òjé, eyín erin àti eyín ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Ìwé ìṣirò owó ilé náà ní 1784 fi hàn pé wọ́n san owó fún àwọn ẹrú fún eyín mẹ́sàn-án.

Ibojì Washington gbajúmọ̀, ẹ ó rí i. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i nínú igbó. Òkúta kékeré tí wọ́n fi rántí àwọn ẹrú ní 1929 wà níbẹ̀, pẹ̀lú èyí tó tóbi jù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard University yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1983. Itẹ́ òkú àwọn ẹrú ni ilẹ̀ yẹn. Láti 2014 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń ha orí ilẹ̀ láti fi mọ ojú sàréè kọ̀ọ̀kan, wọn kì í hú egungun. Wọ́n sábà máa ń ṣe ètò kúkúrú níbẹ̀ tí àlejò lè gbé òdòdó lélẹ̀. Ẹ bèèrè aago rẹ̀ níbi tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí àtẹ̀gùn púpọ̀, Màmá lè débẹ̀ pẹ̀lú àga onítáyà bí ẹni tó lágbára bá ń tì í.

Ó kan ọmọ ọba. Sambo Anderson lorúkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Wọ́n kó o dé láti Áfíríkà ní nǹkan bí 1755, ó ní ilà lójú, ó fi òrùka wúrà sétí, ó sì ń sọ pé ìdílé ọba lòun ti wá. Ó wà lára àwọn tó gba òmìnira ní 1801, ó sì fi ọdẹ ẹyẹ jẹun lẹ́yìn náà, ó ń tà á fún àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ní Alexandria. Kò sí àkọsílẹ̀ tó dárúkọ ìlú rẹ̀. Ilà kò sì tó láti fi pe ènìyàn ní ọmọ Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló ń kọlà. Lásìkò yẹn, àwọn tí wọ́n ń kó wá sí Virginia, láti ìhà Ìgbò àti Calabar, láti Senegambia àti láti Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n kó àwọn tiwa lọ́pọ̀ yanturu, Brazil àti Cuba sì ni wọ́n kó púpọ̀ wọn lọ. Ẹ bá wa sọ fún Bàbá pé a kò lè fi í ṣe tiwa.

---

Ọmọ_Ṣẹkẹtẹ́

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ilé ìpọntí Washington. Bí bíi máìlì mẹ́ta ló jìnnà sí ilé ńlá, ẹ ó fi ọkọ̀ lọ ni, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ṣí. Ó yẹ kí ẹ lọ bó bá ṣí. James Anderson, ará Scotland tó jẹ́ alábòójútó oko, ló dá a lábàá ní 1797. Ìkòkò bàbà márùn-ún, àwọn ẹrú mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀: Hanson, Peter, Nat, Daniel, James àti Timothy. Ní 1799, ọtí tó jáde níbẹ̀ tó nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 11,000.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ọkà ráì ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, àgbàdo 35, ọkà báálì tí wọ́n ti jẹ́ kó hù, 5. Báálì híhù yẹn ló ń sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà. Bí omi bá gbóná jù nígbà tí wọ́n dà á sí i, agbára rẹ̀ á kú, ohun tó wà nínú àgbá kò ní wú. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkà tó hù pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tàbí bùrùkùtù kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọlọ tí omi ń yí, tó ń gbé ìyẹ̀fun láti àjà kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ènìyàn rù ú.

Àmọ́ ilé oníhà mẹ́rìndínlógún tó wà ní oko nísàlẹ̀ ló dára jù fún àwọn ọmọ. Ẹṣin ń sáré yípo lórí àjà tí wọ́n tẹ́ àlìkámà sí, àlàfo bí ínṣì kan ààbọ̀ ló wà láàárín pákó àti pákó, ọkà á ya kúrò lára koríko, á sì já bọ́ sísàlẹ̀. Òjò kò lè pa á, olè kò sì rọrùn láti wọlé gbé e.

---

Ajíbọ́lá_Alexandria

Oko àti ilé ìpọntí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àgbàlagbà? Rárá o. Ẹ pín ara yín: lẹ́yìn ilé ńlá, kí ẹnì kan kó ọmọ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹṣin, kí Bàbá àti Màmá lọ sí mùsíọ́mù, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, àga sì pọ̀. Kẹ̀kẹ́ títì ọmọ ọdún 5, ẹ má retí pé wọ́n á jẹ́ kí ẹ tì í wọ inú ilé ńlá, ìta lẹ ó fi í sí. Ìwọ̀nba omi ni kí ẹ mú dání. Ilé oúnjẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, agogo méjìlá sí agogo kan ni ìlà rẹ̀ ń gùn, ẹ jẹun kí ó tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

---

Àdùkẹ́_PG

Ó ti yé mi. Ìbéèrè kan péré ló kù: bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

---

Gbẹ́nàgbẹ́nà_DC

Aago yín kò yí padà, ẹ kàn máa mú agboòrùn. Ìta lẹ ó ti tò kí wọ́n tó pè yín, ìbòjú kò sì pọ̀ níbẹ̀. Òkúta inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé máa ń yọ̀ bó bá rin, nítorí náà kí Màmá wọ bàtà onírọ́bà. Tí mànàmáná bá ń kọ, wọ́n lè ti oko àti etí odò pa, ẹ ó wá fi mùsíọ́mù ṣáájú.